Orúkọ Mi Lábẹ́ Ohun Tí Mi Ò Fọwọ́ Sí

Ẹ má dìde, Ọ̀gá Olóòtú, ẹ má sì ní kí wọ́n bu omi wá fún mi, torí kì í ṣe òùngbẹ ló gbé mi wá sí ọ́fíìsì yín láàárọ̀ yìí, ìtìjú ni, ìtìjú tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí a ti gbé bàbá ọkọ mi dé ọsibítù ni mi ò ti lè gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni nínú ilé ọkọ mi, èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, èmi tó jẹ́ pé àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ni mò ń tọ́jú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, èmi yìí náà ni wọ́n ń wò tí wọ́n tún ń wo fóònù, wọ́n á wo àwòrán inú fóònù, wọ́n á wo èmi tí mo dúró níwájú wọn, wọ́n á tún padà wo àwòrán. Ojú mi ni. Ojú mi tí ẹ̀yin lọ lẹ̀ mọ́ irọ́.

Ẹ ní ẹ ti gbọ́. Ta ló sọ fún yín? Igbákejì yín? Ó dáa. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, torí igbákejì yín, gígé ọ̀rọ̀ kúrú niṣẹ́ ẹ̀, ibi tó bá sì ti ń ta á lára ló máa ń gé.

Ẹ mọ bàbá ọkọ mi. Wọ́n tiẹ̀ ti bá mi débí rí, bàbá pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan báyìí tí wọ́n dúró síwájú aago ara ògiri yín tí wọ́n ní kò pe àkókò, tí ẹ fi rẹ́rìn-ín. Bàbá Aláago ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Títún aago ṣe ni wọ́n fi tọ́ ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin dàgbà, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí èèyàn méjì ò lè dúró sí kí ọ̀kan má fẹ̀gbẹ́ kan ògiri. Wọn kì í ṣe ẹni tí èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ dídùn mú. Tí ẹ bá sọ fún Bàbá pé òjò ń rọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ na ọwọ́ síta ojú fèrèsé kí wọ́n tó gbà yín gbọ́. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Kì í ṣe òmùgọ̀ lẹ tàn, sà. Kì í ṣe ẹni tó kàn ń gbé gbogbo nǹkan mì.

Nígbà tí ìtọ̀ ṣúgà dé sí wọn lára, oògùn oníhóró ò ká a mọ́, abẹ́rẹ́ ínsúlínì ni dókítà ní kí wọ́n máa gún ara wọn. Wọ́n ń gún un. Wọn ò ráhùn. Àmọ́ ẹni tó ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ gún ara ẹ̀ lójoojúmọ́, tí ikùn ẹ̀ ti le níbi tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀, ẹ ò lè ní kó má máa retí ọjọ́ tí ẹnì kan máa wá sọ fún un pé ó tó. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n sinmi. Wọ́n á fi èyí ránṣẹ́ sórí fóònù wọn, wọ́n á fi tọ̀hún ránṣẹ́, pé ẹ mu omi báyìí, ẹ rẹ gbòǹgbò báyìí, pé àwọn dókítà ń fi òótọ́ pamọ́ kí ọjà wọn má bàa kùtà. Èmi ni mo jókòó tì wọ́n. Mo ní, Bàbá, ẹ má ka gbogbo ìyẹn mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohunkóhun nípa àìsàn yìí, ìkànnì tí mò ń bá wọn ka àpilẹ̀kọ wò rèé.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ́ wọn. Mo ní, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀, kí ẹ rí ibi tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà wá. Ẹ wo orúkọ ẹni tó mọ̀ nípa ìlera tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wá bi ara yín bóyá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní nǹkan tó fẹ́ tà fún yín. Bàbá gbé awò kékeré tí wọ́n fi ń wo inú aago sójú, wọ́n wo fóònù náà títí, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ṣé orúkọ tìẹ rèé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Wọ́n pe ìyá ọkọ mi láti ẹ̀yìnkùlé pé kí wọ́n máa bọ̀, kí wọ́n wá wo ìyàwó ọmọ wọn lórí ayélujára. Màmá nu ọṣẹ ọwọ́ wọn kí wọ́n tó gba fóònù náà. Bí ẹni fẹ́ gba ọmọ tuntun.

Mo gbéraga díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́. Ta ni ò ní gbéraga?

Nítorí mo gbà yín gbọ́. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Orí tábìlì yìí la ti jọ kọ òfin yẹn, èmi àti ẹ̀yin. Ẹ sọ fún mi nípa ìyá yín, pé ẹnì kan ló ki irọ́ bọ̀ wọ́n létí, tí wọ́n pa oògùn wọn tì, tí ẹ fi sin wọ́n. Ẹ yí ojú sí ojú fèrèsé nígbà tí ẹ ń sọ ọ́, èmi náà sì ṣe bí ẹni tí ò rí omijé yín. Ẹ ní, "Nọ́ọ̀sì, mi ò fẹ́ kí ìyá ẹlòmíì kú irú ikú bẹ́ẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi. A wá kọ ọ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ àìsàn kan tó máa jáde lórí ìkànnì yìí láìjẹ́ pé ẹni tó mọ̀ nípa ìlera kà á dé òpin, kó sì fọwọ́ sí i. A kọ ọ́ pé ohun tí ẹnì kan bá sanwó fún, kí ọ̀rọ̀ náà ÌPOLÓWÓ wà lórí ẹ̀ gàdàgbà, kó tó àkọlé fúnra ẹ̀. A kọ ọ́ pé tí a bá ṣìṣe, a ò ní rọra pa á rẹ́, a máa sọ pé a ṣìṣe, lójú ewé yẹn náà. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi gíláàsì bò ó. Ó wà lẹ́yìn yín níbẹ̀ yẹn. Ẹ má yíjú wò ó, ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ó wá kan àpilẹ̀kọ lórí lẹ́búlẹ́bú inú agolo kan, tí wọ́n ní ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà sàn.

Igbákejì yín fi í ránṣẹ́ sí mi bó ṣe máa ń fi àwọn tó kù ránṣẹ́. Mo kà á dé òpin. Mo kọ̀wé sí i lójú ẹsẹ̀, mo ní má gbé e jáde. Mo ní ìpolówó lèyí, ẹni tó ń ta agolo náà ló kọ ọ́, kò sí ibì kankan tí wọ́n ti dán an wò. Mo ní ibi tí wọ́n ti sọ pé ẹni tó bá ti ń lò ó lè máa dín abẹ́rẹ́ ẹ̀ kù títí tó fi máa fi í sílẹ̀, ikú nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó kan ojú ẹnikẹ́ni. Ó dá mi lóhùn. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, "A ti gbọ́, Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun." Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Nígbà tí èèyàn bá ní a ti gbọ́, ẹ ṣeun, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n máa wá ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín?

Ẹ gbé e jáde. Ẹ yọ ÌPOLÓWÓ kúrò lórí ẹ̀, torí ẹni tó ni agolo ní tó bá wà níbẹ̀, àwọn èèyàn ò ní kà á. Ẹ to orísun sí ìsàlẹ̀, mo ti wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ń sọ nípa ìrìn ẹsẹ̀, ọ̀kan ń sọ nípa bí wọ́n ṣe ń fọ ẹsẹ̀, kò sí èyí tó dárúkọ lẹ́búlẹ́bú. Lẹ́yìn náà àwòrán mi, tèmi tẹ̀rín-tẹ̀rín nínú aṣọ iṣẹ́, orúkọ mi lábẹ́ ẹ̀, pé nọ́ọ̀sì yìí ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ ní kí ni?

Ẹ̀rọ ni? Ẹ̀rọ ló fi í síbẹ̀? Pé gbogbo ohun tó bá ti bọ́ sí abala ìtọ̀ ṣúgà, kọ̀ǹpútà á fi àwòrán mi sí i fúnra ẹ̀. Mo gbọ́. Ta ló wá sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó máa ṣe bẹ́ẹ̀? Kọ̀ǹpútà ò ṣáà jí lọ́jọ́ kan kó ní nọ́ọ̀sì yìí ni mo fẹ́ràn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ pé kó máa búra lórúkọ mi kí n tó mọ ohun tí mò ń búra sí. Gbogbo ìgbà yẹn, èmi rò pé kíkà tí mò ń kà á ló ń gbé orúkọ mi síbẹ̀. Àṣé bí mo kà á, bí mi ò kà á, bákan náà ni. Bí mo ní rárá, bákan náà ni.

Àwọn àgbà ní tí èèyàn bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Èmi ò tiẹ̀ sọ òkò, sà. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, ẹ wá kọ orúkọ mi sára òkúta.

Bàbá ka nǹkan náà. Wọ́n gbé awò sójú, wọ́n wo ọjọ́, ọjọ́ tuntun ni. Wọ́n wo ìsàlẹ̀, orísun kún ibẹ̀. Wọ́n wo orúkọ, orúkọ ìyàwó ọmọ wọn ni. Wọ́n wo orí ẹ̀, kò síbi tí wọ́n ti kọ ìpolówó. Ọkọ mi ti bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò pè mí. Wọ́n ní, "Ṣé kí n máa pe ọmọ nídìí iṣẹ́, kí n máa bi í bóyá ó mọ ohun tó fọwọ́ sí?" Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi wọ̀ mí. Ẹ ò rí bí ọ̀wọ̀ ṣe fẹ́ pa wọ́n?

Àbúrò ọkọ mi ló bá wọn ra agolo náà. Eyínmẹnugún ni mò ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, torí ẹ̀rín ẹ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ràn mi tó o nínú ilé yẹn. Ó gbé e dé tayọ̀tayọ̀. Màmá wá pè mí, wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi, Ọlọ́run á tọ́jú ìwọ náà." Ariwo pọ̀ lọ́dọ̀ mi, àwọn aláìsàn ń dúró. Mo rò pé nítorí bàtà tí mo rà fún wọn ni. Mo ní, "Màmá, kò tọ́pẹ́." Mo ní kò tọ́pẹ́! Lójoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ń padà wá bá mi, tí mo bá ń fọwọ́, tí mo bá ń kun àtíkè sójú, màá kàn gbọ́ ọ, kò tọ́pẹ́.

Bí Bàbá ṣe dín abẹ́rẹ́ kù títí tí wọ́n fi fi í sílẹ̀, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ wọ́n. Wọ́n ń tọ̀, wọ́n ń mu omi, wọ́n ń tọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń bì. Ilé ò sì pariwo, ṣé ẹ mọ ìdí? Torí ó wà nínú ohun tí ẹ gbé jáde, pé ara lè kọ́kọ́ dà rú, pé èébì àti òùngbẹ jẹ́ àmì pé oògùn ti ń lé àìsàn jáde. Ẹni tó kọ ìyẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ó mọ̀ pé tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí bì, wọ́n máa fẹ́ sáré lọ sọ́sibítù, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà dè wọ́n. Màmá ń nu ẹnu wọn, wọ́n ń sọ pé ó ti ń jáde, ó ti ń jáde.

Ọkọ mi ló yà síbẹ̀ lọ kí wọn, ló bá pè mí pé èémí Bàbá ò dáa, pé wọ́n ń mí bí ẹni tó sáré, bẹ́ẹ̀ sì rèé orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà. Mo ní kí ló ń rùn lẹ́nu wọn. Ó ní bí èso tó ti pọ́n jù. Ọ̀gá Olóòtú, mo ti gbóòórùn yẹn lára àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Mo mọ ohun tó jẹ́: ara tí kò rí ínsúlínì ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ gbé wọn, ẹ má wọ aṣọ fún wọn, ẹ gbé wọn bí wọ́n ṣe wà.

Ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ náà ni wọ́n gbé wọn wá. Aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn mi, orúkọ mi wà láyà mi. Wọ́n fa omi sí Bàbá lára, wọ́n ń fún wọn ní ínsúlínì, dókítà, ọmọdébìnrin kan tó le bí irin, ń béèrè pé kí ni wọ́n lò, ta ló ní kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Eyínmẹnugún na fóònù sí i. Dókítà náà kà á bó ṣe dúró. Ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ta ni nọ́ọ̀sì burúkú yìí? Irú àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé."

Ẹsẹ̀ Bàbá wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, mò ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ wọn kí n lè wò ó bóyá egbò wà níbẹ̀. Ọkọ mi wo ilẹ̀. Màmá wo ilẹ̀. Eyínmẹnugún gba fóònù ẹ̀ padà, ó yí ojú ẹ̀ sí àyà ara ẹ̀ kí àwòrán má bàa hàn. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó ní òun nìyí. Wọ́n bò mí. Ẹ̀ ń gbọ́ mi? Àwọn tí bàbá wọn ń kú lọ níwájú wọn, tí wọ́n rò pé èmi ni mo ṣe é, wọ́n tún bò mí lójú àjèjì. Ìyẹn ló jù. Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ǹ bá sùn lọ́jọ́ náà. Dókítà gbójú sókè, ó wo àyà mi, ó ka ohun tó wà níbẹ̀. Ó kàn ní kí n jọ̀wọ́ kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ò ní aláìsàn tó ń dúró dè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọlọ́run ṣe é, Bàbá ò kú. Ẹ má dúpẹ́, mi ò tíì parí. Nígbà tí iyè wọn bọ̀ sípò, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bá dókítà sọ ni pé, "Ẹ má bá ọmọ yẹn wí o, èmi ni mo ṣi nǹkan kà. Ojú mi ò rí dáadáa mọ́." Bàbá Aláago tó ń rí ìdè inú aago ọwọ́ obìnrin, tí èmi àti ẹ̀yin ò lè rí! Wọ́n ní ojú àwọn ò rí mọ́, nítorí tèmi. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ní, "Bàbá, mi ò fọwọ́ sí i. Wọ́n kàn fi orúkọ mi síbẹ̀ ni." Wọ́n wò mí pẹ́. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Gbogbo ohun tí o ní kí n wò, mo wò ó." Kì í ṣe ẹ̀bi ni wọ́n ń dá mi. Ohùn ẹni tó ti tú aago palẹ̀ ni, tó rí i pé kò sí ibi tó bàjẹ́, àmọ́ tí aago náà ò ṣiṣẹ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Gbogbo àmì tí mo ní kí wọ́n fi dá òótọ́ mọ̀, ẹ ti fi gbogbo wọn wọṣọ fún irọ́.

Màmá ní tiwọn kàn bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Tó bá jẹ́ pé ìwọ kọ́, ta ló wá ní ojú yìí?"

Mo ṣì lè fara da ìyẹn. Lánàá ni mo wá dé ìsàlẹ̀ kànga. Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù wọn ṣàánú mi, ó gbé abẹ́rẹ́ Bàbá lé mi lọ́wọ́ pé kí n fún wọn, bóyá ara á tù mí. Mo ká aṣọ wọn sókè. Bàbá fi ọwọ́ bo ikùn wọn. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, má bínú. Ní kí dókítà wá wò ó ná." Mo lọ pe dókítà, dókítà kan náà yẹn. Ó wá, ó wo abẹ́rẹ́ náà, ó mi orí, Bàbá wá gbé ọwọ́ kúrò. Mo na abẹ́rẹ́ náà sí i, òun ló padà gún un fún wọn. Mi ò bínú sí Bàbá. Ó yẹ kí wọ́n béèrè. Àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe máa wọ wọ́ọ̀dù yẹn lónìí.

Kí n tó wá múra àtilọ láàárọ̀ yìí, Eyínmẹnugún pè mí. Ó fẹ́ ṣí ojú ewé náà han ẹ̀gbọ́n ìyá wọn. Kò rí i mọ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú ewé yìí kò sí. Ó wá ní, "Ìyàwó wa, ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n yọ ọ́?"

Ẹ gbọ́ bí ìbéèrè yẹn ṣe rí. Ó fẹ́ràn mi, ó sì bi mí. Torí tí ẹ bá jẹ́ òun, kí lẹ máa rò? Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí mo ní, tí mo lè gbé ìwé tí mo kọ sí igbákejì yín sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tí màá ní ẹ wo ohun tí mo kọ sí i, ẹ wo ohun tí wọ́n gbé jáde, ẹ ti gbá a dànù. Ẹ wá sọ mí di ẹni tó ṣe nǹkan tó tún lọ fi ẹsẹ̀ nu ipa ẹ̀ nù.

Ẹ ní nítorí tèmi lẹ ṣe yọ ọ́. Rárá, sà. Nítorí tiyín ni. Ẹyin lohùn, ẹ ò lè ṣa èèpo ẹ̀ kí ẹ ní kò fọ́. Àwọn tó ti kà á ńkọ́? Agolo wà nílé wọn. Wọ́n ń bu ú. Ẹlòmíì ti ń bì, ìyàwó ẹ̀ ń nu ẹnu ẹ̀, ó ń sọ pé ó ti ń jáde. Tó bá sì fẹ́ padà wá wò ó lórí ìkànnì yín bóyá òótọ́ ni, kí ló máa rí? Ojú ewé yìí kò sí. Ṣé irú ìdáhùn tí ẹ ní fún ìyàwó tó ń nu ẹnu ọkọ ẹ̀ nìyẹn?

Mi ò fẹ́ gbọ́ ti lọ́yà. Mo mọ̀ pé lọ́yà ní kí ẹ má jẹ́wọ́. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ tiyín kọ́.

Kí ẹ yọ àwòrán mi kúrò lórí gbogbo ìyókù? Ìyẹn lẹ rò pé mo wá gbà? Tí ẹ bá yọ mí kúrò láàárọ̀ yìí, gbogbo ayé á ní ẹ lé mi nítorí ohun tí mo ṣe. Ẹ má yọ mí. Ẹ jókòó. Ẹ fa kọ̀ǹpútà yẹn mọ́ra. Ẹ dá ojú ewé náà padà sí ibi tó wà, kí ẹ fa ìlà la irọ́ náà kọjá, kí ẹ wá kọ òótọ́ sórí ẹ̀. Mi ò ní kúrò lórí àga yìí títí ẹ máa fi kọ ọ́, mo ti gbàyè níbi iṣẹ́, ẹ lè pe ẹni tó bá wù yín.

Ó yá. Ẹ kọ ọ́. Ẹ kà á sí mi létí.

"Àṣìṣe díẹ̀ wáyé..." Ẹ pa ìyẹn rẹ́. Kì í ṣe díẹ̀, kò sì wáyé fúnra ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé a gbé irọ́ jáde. Ẹ kọ ọ́ pé ìpolówó ni, pé ẹni tó ń ta agolo náà ló sanwó ẹ̀, tí a sì fi pamọ́ fún yín. Ẹ kọ ọ́ pé nọ́ọ̀sì tí a ní kó kà á ní ká má gbé e jáde, a gbé e jáde, a tún fi ojú ẹ̀ sí i. Ìyẹn ń dùn yín? Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Rárá, kì í ṣe ibẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró. Ọ̀rọ̀ mi kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ fi èyí ṣe ìlà àkọ́kọ́: ẹnikẹ́ni tó bá ti fi abẹ́rẹ́ ínsúlínì ẹ̀ sílẹ̀ nítorí ohun tó kà níbí, kó má dúró dọ̀la, kó lọ sí ọsibítù lónìí. Tó bá ń bì, tó bá ń mí gúlegúle, àmì ìwòsàn kọ́ o, ẹ gbé e dìde. Kí ẹ fi ránṣẹ́ sórí gbogbo fóònù tí ẹ fi irọ́ yẹn ránṣẹ́ sí. Kì í ṣe kí ẹ fi sílẹ̀ lórí ìkànnì kẹ́ni tó bá rí i rí i. Ẹ fi ránṣẹ́.

Ẹ tún un kà. Ẹ rọra kà á, ẹ má sáré níbi tó ti ń ta yín lára.

Ó dáa. Ẹ fi orúkọ tiyín sí i, pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Kì í ṣe "àwọn òṣìṣẹ́ wa". Orúkọ yín. Kí ẹ wá fi tèmi sí ìsàlẹ̀, àwòrán náà náà, pé èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò, torí èyí, mo ti gbọ́ ọ dé òpin, mo sì fọwọ́ sí i.

Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí n rí i.